Sahu Mewalal: Báwo La Ṣe Lè Wọn Iṣẹ́ Atamátàsé Kan?

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 1951, Íńdíà àti Iran kojú ara wọn ní New Delhi nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti Ìdíje Eré Ìdárayá Éṣíà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Ọdún mẹ́rin kò tíì pé tí Íńdíà bọ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Nehru tó jẹ́ olórí ìjọba sì wà níbẹ̀ tó ń wòran. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ náà. Sahu Mewalal ló gbá a sáwọ̀n kí wọ́n tó lọ sinmi, Íńdíà sì gba wúrà. Góòlù mẹ́rin ló jẹ nínú ìdíje náà, kò sì sí ẹni tó jẹ jù ú lọ.

Ẹni tó ṣe irú èyí fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ó yẹ kí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Íńdíà ti àsìkò yẹn bá délẹ̀, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sáábà máa ń sọ: pé wọn kì í wọ bàtà, àti pé àìwọ bàtà yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1950. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ dé àyè kan. Èkejì kò dúró lórí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti gbilẹ̀ débi pé wọ́n bo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀, Mewalal ni wọ́n sì bò jù. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí á yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò látòkè délẹ̀: ìlú tó ti jáde, ìdíje tó lọ, iye góòlù tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, àti ibi tó yẹ kó dúró sí láàárín àwọn atamátàsé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1926 ni wọ́n bí i ní Bihar, ní apá ìlà-oòrùn Íńdíà, ṣùgbọ́n Calcutta, tí à ń pè ní Kolkata lónìí, ni ìlú tó sọ ọ́ di ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ Calcutta ìgbà náà kò lè mọ Mewalal. Pápá gbalasa kan wà láàárín ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Maidan, ní ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí, tí pápá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Mohun Bagan ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1889. Mohammedan Sporting, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí, gba líìgì ìlú náà ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún léraléra láti 1934 dé 1938. East Bengal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920, ni ẹgbẹ́ àwọn tí ìdílé wọn ti apá ìlà-oòrùn Bengal wá, àwọn tó wá ń ya wọlé bí omi lẹ́yìn tí wọ́n pín Íńdíà àti Pakistan níyà ní 1947. Bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kì í ṣe eré lásán. Ẹ̀sìn, ìlú àbínibí àti iyì ìdílé ni gbogbo wọn ń jà fún lórí koríko yẹn.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà ní ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1911, Mohun Bagan na ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, East Yorkshire Regiment, ní góòlù méjì sí ẹyọ kan láti gba IFA Shield. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọ bàtà nínú àwọn mọ́kànlá tó gbá bọ́ọ̀lù fún Mohun Bagan. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ lásán ti di ohun ìwúrí fún àwọn ọmọ ìlú. Àsìkò òjò sì ni líìgì Calcutta máa ń wáyé, nígbà tí ẹrẹ̀ bá bo pápá. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ẹrẹ̀ yẹn láti kékeré kì í fẹ́ kí awọ bàtà wà láàárín òun àti bọ́ọ̀lù.

Inú bọ́ọ̀lù báyìí ni Mewalal dàgbà sí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni Eastern Railway, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún Mohun Bagan náà. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí. Kò sí owó oṣù tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù nítorí bọ́ọ̀lù nìkan. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ epo ni wọ́n ń gba àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá síṣẹ́, tí wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ wọn. Atamátàsé tó wà ní Eastern Railway ní iṣẹ́ tó dájú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀kẹ́ àìmọye alátìlẹ́yìn tí yóò máa kọrin orúkọ rẹ̀ títí ayé, irú èyí tí àwọn ti Mohun Bagan àti East Bengal ní. Ní tèmi, ohun kan pàtàkì nìyí tó fà á tí orúkọ rẹ̀ fi rọlẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ló ń pa ìtàn agbábọ́ọ̀lù mọ́ ju àjọ bọ́ọ̀lù lọ. Eastern Railway gba líìgì Calcutta ní 1958, ó sì di ọdún 2019 kí ẹgbẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí àwọn mẹ́ta ńlá náà tó tún gbà á. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló lè sọ ìtàn ẹgbẹ́ náà?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ayé rí Mewalal ni Òlíḿpíkì London ní 1948. Íńdíà àti Faransé pàdé ní Ilford ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje. Talimeren Ao, ọmọ ẹ̀yà Naga tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ni balógun ikọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Faransé kọ́kọ́ jẹ góòlù kan, Raman dá a padà fún Íńdíà, ó sì jọ pé eré náà yóò parí ní ọ̀mì kí Faransé tó jẹ èkejì nígbà tí ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó dunni ni pé Íńdíà gba pẹnáritì méjì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pàdánù méjèèjì. Sailen Manna gbá ọ̀kan, Mahabir Prasad gbá èkejì. Mewalal wà ní iwájú lọ́jọ́ náà, kò jẹ góòlù. Àwọn ará London tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún wọn, ẹsẹ̀ lásán yẹn ni àwọn ìwé ìròyìn sì gbé lárugẹ ju ohunkóhun lọ.

Àwa náà mọ irú ìyanu yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1949, ikọ̀ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà níwájú àwọn òyìnbó. Góòlù márùn-ún sí méjì ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Marine nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà nínú ikọ̀ náà, òun náà ló sì padà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn Thunder, a ò ní gbà. Kò yẹ kí á gba irú rẹ̀ lórí Mewalal.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1950 ní Bùràsíl. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Burma, Indonesia àti Philippines fà sẹ́yìn, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún Íńdíà láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. Wọ́n pín wọn mọ́ Ítálì, Swídìn àti Paraguay. Lẹ́yìn náà ni àjọ bọ́ọ̀lù Íńdíà yọ ara wọn kúrò. Ìtàn tó gbòde ni pé FIFA ló lé wọn nítorí bàtà. Sailen Manna, tó jẹ́ balógun ikọ̀ nígbà náà, sọ nígbà tó dàgbà pé irọ́ ni. Òlíḿpíkì ni àwọn aláṣẹ kà sí. Wọn ò ka Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sí nǹkan kan. Ìrìn àjò náà jìn, ó ń gba àkókò, wọ́n sì rí i bí ohun tí kò pọn dandan. Ìpinnu orí tábìlì ni, ẹsẹ̀ kọ́ ló fà á. Mewalal jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, ọjọ́ orí tí atamátàsé máa ń le jù. Kò sí ohun tó lè dá ànfààní yẹn padà fún un, mo sì ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ṣẹ ìran kan.

Ìdí nìyí tí ìdíje Delhi ní 1951 fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Syed Abdul Rahim, olùkọ́ ilé ìwé láti Hyderabad, ló di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ní Mewalal ní àárín iwájú, ó sì ní Ahmed Khan àti Venkatesh láti East Bengal. Àwọn méjì yìí wà lára àwọn atamátàsé márùn-ún ẹgbẹ́ náà tí wọ́n fi orúkọ àwọn arákùnrin márùn-ún inú ìtàn Mahabharata pè. Íńdíà na Indonesia ní mẹ́ta sí òdo, wọ́n na Afghanistan ní mẹ́ta sí òdo, kí wọ́n tó wá na Iran ní àṣekágbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, góòlù méje, kò sí èyí tó wọ àwọ̀n Íńdíà. Àwọn kan lè sọ pé orílẹ̀-èdè mẹ́fà péré ló wá díje. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ góòlù kan ṣoṣo nínú àṣekágbá, níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọn kò tíì gba irú àmì ẹ̀yẹ yẹn rí, kò sí ìṣirò tó lè bu iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Ọdún 1952 mú adùn àti ìkorò wá. Ní Colombo, nínú ìdíje orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí Íńdíà bá Pakistan, Burma àti Ceylon gbá, Mewalal jẹ góòlù mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú Burma. Íńdíà àti Pakistan pín ife náà lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà Íńdíà nìkan gbà á ní 1953, 1954 àti 1955. Ṣùgbọ́n ní Helsinki, nínú Òlíḿpíkì, Yugoslavia fi góòlù mẹ́wàá sí ẹyọ kan na Íńdíà. Branko Zebec nìkan jẹ mẹ́rin. Ahmed Khan ló jẹ ẹyọ kan ti Íńdíà nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ bọ́ọ̀lù Íńdíà pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa wọ bàtà.

Wọ́n sábà máa ń ka Helsinki sí ẹ̀rí pé ìran Mewalal kò mọ nǹkan kan. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ Yugoslavia yẹn gbá ọ̀mì márùn-ún sí márùn-ún pẹ̀lú Soviet Union nínú ìdíje kan náà, wọ́n na wọ́n nígbà tí wọ́n tún un gbá, wọ́n sì dé àṣekágbá níbi tí Hungary ti Puskás ti na wọ́n. Àwọn tó lágbára jù láyé ni Íńdíà bá pàdé níbẹ̀, nínú òtútù, lórí pápá tí ẹsẹ̀ lásán kò lè dì mú. Àìdára ìmúrasílẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, kì í ṣe àìmọ bọ́ọ̀lù gbá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye góòlù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ ni pé Mewalal jẹ góòlù tó lé ní 1,000 láyé rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwé ṣe ẹ̀rí kọ̀ ọ́ pátápátá, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ojú tèmi, àwọn méjèèjì kánjú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní Íńdíà nígbà náà. Kò sí líìgì orílẹ̀-èdè. Ọdún 1996 ni èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà ni líìgì ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn ife tí wọ́n ń rìnrìn àjò lọ gbà: IFA Shield ní Calcutta, Rovers Cup ní Bombay, Durand Cup tí wọ́n ti ń gbá láti 1888, àti Santosh Trophy tí ìpínlẹ̀ fi ń bá ìpínlẹ̀ díje láti 1941. Ẹ wá fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kún un, àti àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Atamátàsé tó bá lókìkí kì í ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ẹni tó bá ṣe báyìí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè jẹ góòlù tó pọ̀ ju bí ẹni òde òní ṣe lè rò lọ. Nítorí náà, iye náà kì í ṣe ohun tí kò lè ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kà mọ́ ọn? Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń bi nípa Pelé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni Pelé gbá góòlù ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wọlé ní Maracanã, gbogbo Bùràsíl sì dúró wò ó. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ àti ti ológun wà nínú ìṣirò náà. Kò sẹ́ni tó tìtorí èyí sọ pé Pelé kì í ṣe atamátàsé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan jókòó ka ti Pelé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ alátakò. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mewalal. Àbùkù náà wà lọ́rùn àwọn tó yẹ kó kà á, kì í ṣe lọ́rùn ẹni tó jẹ góòlù.

Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún orílẹ̀-èdè ńkọ́? Níbẹ̀ ni mo rí i pé àwọn ènìyàn máa ń fi òṣùwọ̀n tí kò tọ́ wọn àwọn ará àtijọ́. Sunil Chhetri ti jẹ góòlù tó lé ní 90 fún Íńdíà, ẹnikẹ́ni tó bá fi èyí wé ti Mewalal yóò rò pé ọ̀gbun ńlá ló wà láàárín wọn. Ẹ rántí pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Íńdíà ń gbá láàárín 1948 sí 1954 kò pọ̀ rárá. Òlíḿpíkì lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin, Ìdíje Éṣíà lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mélòó kan, ife Colombo, àti ìrìn àjò díẹ̀. Chhetri fi ọdún tó lé ní 15 gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ léraléra, iṣẹ́ rẹ̀ sì tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò lè ka góòlù ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá.

Bí a bá ń wá ẹni tó yẹ ká fi Mewalal wé lóòótọ́, Neville D'Souza ni. Goa ni wọ́n ti bí i ní 1932, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ àwọn Pọtogí, Bombay ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1956, ní Òlíḿpíkì Melbourne, Íńdíà bá Australia tó gbàlejò pàdé. Neville jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ní ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, àti ní ìkáàádọ́ta. Kittu fi ìkẹrin kún un, ó di mẹ́rin sí méjì. Kò sí ọmọ Éṣíà kankan tó ti jẹ góòlù mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Òlíḿpíkì ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, òun náà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù sáwọ̀n Yugoslavia. Fún ìṣẹ́jú méjì péré, Íńdíà wà níwájú ikọ̀ tó ti fi mẹ́wàá nà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Yugoslavia jẹ mẹ́ta, ọmọ Íńdíà kan sì gbá ọ̀kan sí ilé ara rẹ̀, ó di mẹ́rin sí ẹyọ kan. Bulgaria nà wọ́n ní mẹ́ta sí òdo nígbà tí wọ́n ń du ipò kẹta. Góòlù mẹ́rin ni Neville jẹ, òun àti Veselinović ti Yugoslavia àti Milanov ti Bulgaria ló sì jọ wà lókè.

Rahim náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín mẹ́wàá sí ẹyọ kan ti Helsinki àti mẹ́rin sí ẹyọ kan ti Melbourne, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ju ti bàtà lọ. Ìmúrasílẹ̀ ni, ọgbọ́n orí pápá ni. Àwọn tó sọ pé bàtà nìkan ló yí bọ́ọ̀lù Íńdíà padà kò fún Rahim ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nígbà náà, ta ló jù nínú Mewalal àti Neville? Lórí pápá tó gbòòrò jù lọ, Neville ni. Góòlù mẹ́ta sí Australia nínú Òlíḿpíkì wúwo ju ohunkóhun tí Mewalal ṣe lẹ́yìn odi Íńdíà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ẹni tó fi ọdún púpọ̀ jẹ góòlù láìsinmi, láti London 1948 títí lọ, nínú ẹrẹ̀ Calcutta àti lórí koríko Delhi, Mewalal ni, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Chuni Goswami, tó jẹ́ balógun nígbà tí Íńdíà tún gba wúrà Ìdíje Éṣíà ní Jakarta ní 1962, ní ọgbọ́n bọ́ọ̀lù ju àwọn méjèèjì lọ, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ góòlù jíjẹ nìkan. P.K. Banerjee, ọmọ Eastern Railway bíi Mewalal, jẹ góòlù nínú àṣekágbá Jakarta, ó sì di agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Arjuna ní 1961. Ìran Mewalal ló ṣí ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí gbà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìjọba yẹn kò tíì sí nígbà tí òun wà lórí pápá.

Neville kú ní 1980, kò tíì pé ọmọ ọdún 50. Mewalal kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. P.K. Banerjee àti Chuni Goswami kú ní 2020, Tulsidas Balaram tó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wọn kú ní 2023. Àwọn tó lè fi ẹnu sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìwé ìròyìn Calcutta kò tíì tán. Ní gbogbo àsìkò líìgì ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ góòlù sínú wọn, ní èdè Bengali àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ bọ́ọ̀lù Íńdíà àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé eré ìdárayá ibẹ̀ ni mo ń bẹ̀: ẹ lọ ṣí àwọn ìwé yẹn, ẹ ka góòlù Mewalal ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ iye tí ẹ bá rí jáde, ì báà jẹ́ 1,000, ì báà jẹ́ 400.